Ìwé Ní Irin Pọ̀ Lára Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Mo kí ọ kú òtútù ibẹ̀, mo kí ọ kú ìdúró nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀, mo sì kí ọ kú àìráyè kọ̀wé. Ṣé o ń jẹun? Má fi irọ́ dá mi lóhùn o. Ní tiwa níbí, koko lara wa le, a ò ní ẹjọ́ kankan rò àfi ti ojú rẹ tí a ò rí. O ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. O mọ̀ pé èmi àti fóònù ò rẹ́. Kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè ronú kó tó fèsì.

Búrẹ́dì ń tà. Obìnrin tí a jọ ń po ìyẹ̀fun, Ọ̀rọ̀-ò-tán, ní kí n kí ọ. Ó ti ń sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti mú báírò, kò sì tíì mí. A kun ògiri yàrá ààrò ní ọ̀dà funfun lóṣù tó kọjá. Férémù fèrèsé tó kọjú sí òpópónà nìkan ni a ò kùn, torí bàbá rẹ ló kùn ún kẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Nǹkan kan ń ṣe mí, kì í ṣe àìsàn o, má jáyà. Ara mi ti fúyẹ́. Bí a bá ti kó búrẹ́dì ọ̀sán jáde, tí oru ààrò ti bo dígí fèrèsé, tí eruku ìyẹ̀fun ń fò nínú ìtànṣán oòrùn, ó máa ń dà bíi pé ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ mọ́. Màá máa rìn láti ìdí tábìlì dé ìdí ààrò bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohùn Ọ̀rọ̀-ò-tán á máa bọ̀ látọ̀nà jíjìn, á sì dùn létí mi, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Mo máa ń jókòó kí n tó ṣubú, mo sì máa ń gbádùn ìjókòó náà.

Omi dídì ni mo sì ń jẹ báyìí. Mo ń rún un bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ṣúgà. Tí mi ò bá rí i rún, inú mi kì í dùn rárá. Ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń bù ú fún mi, ó ní òun ò mọ̀ bóyá èmi ni òun ń tọ́jú ni tàbí ẹja.

Ọ̀rọ̀-ò-tán fi ariwo gbé mi dé ilé ìwòsàn lánàá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi. Tí èsì bá jáde màá sọ fún ọ, ìwọ tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì lo ti ń jẹun. Ìwọ nìkan ni mo bí, ìwọ náà ni dókítà mi.

Ìyá rẹ.

---

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ààrò, ẹ kú ooru, ẹ kú ojú lọ́nà. Lẹ́tà yín bá mi nílé lọ́jọ́ ìsinmi. Mo kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún un kà nídìí fèrèsé. Mo ń jẹun o. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ ló wà nísàlẹ̀ yàrá mi, ooru ẹ̀rọ wọn ló ń mú kí ilẹ̀ yàrá mi móoru, nítorí náà òtútù tí ẹ ń kí mi kú rẹ̀, ìta ló wà. Òórùn ọṣẹ ni mo fi ń sùn, òun náà ni mo fi ń jí.

Bí ẹ ṣe kọ ọ́ pé ara yín fúyẹ́ dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ̀rù tó bà mí. Ìyá mi, oníbúrẹ́dì ni yín, ẹ kì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ. Ara àgbàlagbà kì í fúyẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ omi dídì yẹn gan-an ló kọ mí lóminú. Irin tó wà nínú oúnjẹ ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara. Tí irin ò bá tó, ó máa rẹ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, á sì máa wá ohun tí kì í ṣe oúnjẹ jẹ kiri. Obìnrin kan wà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé ló ń jẹ. Òmíràn ń rún ìrẹsì tútù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń rún omi dídì bíi tiyín.

Iṣẹ́ mi ò yí padà. Mo ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sínú ẹ̀rọ tó ń yí bìrí. Tó bá dúró, pupa á ti lọ sísàlẹ̀, omi kan tó rí bí òróró á sì lékè. Omi yẹn la fi ń yẹ irin wò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kùn, tí ìrì bo fèrèsé, mo máa ń rò pé ilé ni mo wà, pé àwọn aago tí Bàbá gbé kọ́ ògiri láti tún ṣe ni mò ń gbọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí Bàbá kú, àwọn aago yẹn ò tíì dákẹ́ létí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Ṣé egbò kankan wà lára yín? Ṣé eyín ń dùn yín, ṣé ibì kan ń wú? Mi ò béèrè lásán. Bí egbò bá wà lára, èsì àyẹ̀wò irin máa ń ṣini lọ́nà.

Ọmọ yín tí kò tíì sanra.

---

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi tí ń fi ẹ̀jẹ̀ yí bìrí,

Wá ibi jókòó kí o tó ka èyí. Ìwé ní irin pọ̀ lára mi.

Dókítà fúnra rẹ̀, ọmọdébìnrin kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́, ló fi bébà náà hàn mí. Ó ní irin tí ara mi kó pamọ́ pọ̀, ó tilẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé kì í ṣe àìsí irin, bóyá ọjọ́ orí ni, bóyá àárẹ̀ ọkàn. Ó ní kí n dáwọ́ oògùn irin tí Ọ̀rọ̀-ò-tán ń fipá mú mi gbé mì dúró, kí n sinmi, kí n sì padà wá kí òun tún yẹ̀ mí wò. Mo ti gbọ́ ti ìsinmi. Ti àpadàwá ni mi ò tíì rójú gbọ́.

O béèrè bóyá egbò wà lára mi. Egbò wo? Ara mi dán bí ìgò. Kò sí ohunkóhun.

Ọ̀sán ti wá di àkókò tí mo fẹ́ràn jù lọ báyìí. Àwọn oníbàárà á ti lọ, ojú pópó á dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba ara fèrèsé wọlé, á tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màá gbé àga mi súnmọ́ ààrò. Ara mi á rọ̀, etí mi á máa hó. Mo sì ní àlejò nígbà náà. Mi ò tíì ní sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ, wàá ní mo ti darúgbó.

Má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ pa ọ́.

Ìyá rẹ tí irin kún inú rẹ̀.

---

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ewu àyẹ̀wò. Inú mi dùn. Tó bá jẹ́ pé kò sí egbò, tí kò sì sí ibi tó ń wú, a jẹ́ pé ohun tí ìwé sọ la máa gbà. Ẹ pa oògùn yẹn tì bí dókítà ṣe wí, àpọ̀jù irin náà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ bá a o. Omi dídì yín ṣì ń rún mi nínú.

Ta ni àlejò yìí? Ṣé ẹlẹ́ja ni? Mo ti ń fura sí omi dídì ọ̀fẹ́ yẹn látilẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní ọmọ kan tó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Mo lá àlá yín lánàá. Ẹ ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì gígùn kan tí mi ò rí òpin rẹ̀, mò ń rìn bọ̀ láti apá kejì. Mo rìn títí, ẹ ò gbójú sókè.

Ọmọ yín.

---

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí èsì. Mo kọ òmíràn tẹ̀ lé e, mi ò rí èsì ìyẹn náà. Mo pè yín lórí fóònù, ariwo ààrò ni mo gbọ́, mo gbọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ wá pa fóònù náà. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí ta ni.

Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja ni, àwàdà ni mo ṣe. Wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, èmi ò sì rí ojú yín. Ẹ fi ìlà kan péré ránṣẹ́ sí mi, kí n lè sùn.

Ọmọ yín.

---

Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Àbúrò mi,

Èmi Ọ̀rọ̀-ò-tán ni. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ń pè mí, mi ò bínú. Lónìí màá gé e kúrú.

Ìyá rẹ ṣubú. Má kígbe, kò kú, eegun rẹ̀ kankan ò sì ṣẹ́. Ìdí ààrò ló ti ṣubú. Nígbà tí mo gbé e dìde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun dídùn, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Mo ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Òórùn ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Egbò ni, lójúgun ẹsẹ̀ òsì. Ilẹ̀kùn ààrò ló jó o, ó ti pẹ́, ó ti wà níbẹ̀ kí a tó kun ògiri pàápàá. Àkísà ló fi ń dì í, á wá wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn lé e, á ní òtútù ló ń mú òun. Òtútù, nídìí ààrò. Mo sì gbà á gbọ́, èmi tí wọ́n ní mo gbọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ yìí náà ló wọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kó ká apá aṣọ, ó ká apá aṣọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀, kò sì fi ẹsẹ̀ hàn. Egbò náà ti wú, ó pọ́n, ó gbóná bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní tí òun bá sọ, wọ́n á ní kí òun má dé ìdí ààrò mọ́, ìdí ààrò yẹn sì ni òun ti ń rí ẹni tí òun ń rí. Àbúrò mi, bàbá rẹ ló ń rí. Àpò ìyẹ̀fun òfìfo kan wà nítòsí fèrèsé, ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ó máa ń gbé búrẹ́dì gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí mo bá wọlé, á ní kí n rọra. Mo ti wá ń rọra. Tí o bá gbọ́ pé èmi dákẹ́, ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Ó ní kí n má kọ̀wé sí ọ. Mo ti kọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sì ti jẹ́ kó kúrú bí mo ṣe lè ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.

---

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò ní fi pa mọ́. Mo béèrè. Mo fi ẹnu ara mi béèrè bóyá egbò wà, ẹ ní ara yín dán bí ìgò. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi tí mo wà lókè òkun, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ bí kì í bá ṣe ẹnu yín? Ìwé ò purọ́, dókítà yẹn ò sì purọ́. Ẹ forí jì mí, mi ò ní sọ ẹni tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé búrẹ́dì ṣàlàyé fún yín. Ká ní ẹ gbọ́ pé olè wà ládùúgbò. Ẹ máa kó gbogbo ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ máa tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá yọjú sí yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn á ní ìyẹ̀fun yín pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀-ò-tán wà nídìí tábìlì, kò rí ohun tó máa pò. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń ṣe nígbà tí egbò bá ń wú. Kòkòrò inú egbò fẹ́ràn irin. Ara mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ti irin mọ́lé kí wọ́n má baà rí i jẹ, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ò sì ní rí i lò.

Èyí tó tún burú jù nìyí. Kì í ṣe irin gan-an ni wọ́n wọ̀n lára yín. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni àpò tí ara fi ń kó irin pamọ́ sí, torí pé lára ẹni tí ara rẹ̀ le, bí àpò bá ṣe pọ̀ tó ni irin ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ìwúlé bá wà, ara á máa rán àpò ṣáá, ì báà rí irin dà sínú rẹ̀, ì báà má rí. Àpò ni wọ́n kà fún yín, Ìyá mi. Ẹnikẹ́ni ò tú u wò. Àwọn fítámínì kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni tiwọn, egbò á mú kí wọ́n dà bí ohun tó ti tán nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí fi máa ń béèrè egbò kí a tó gba ohun tí ẹ̀rọ sọ.

Ẹ lọ bá dókítà yẹn. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ní kó wo àmì ìwúlé nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà tó bá fi wo irin, kó fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì, kó sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ wò tí egbò bá jinná. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Egbò tó ti pẹ́ tó báyẹn lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ lè dá ọkàn dúró.

Ní ti Bàbá, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi.

Ọmọ yín.

---

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Mo ti gbọ́ ìbínú rẹ. Ó jọ ti bàbá rẹ nígbà tí aago bá kọ̀ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo kí ọ kú rẹ̀.

Ọ̀sán ló máa ń wá. Kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Màá kàn gbójú sókè ni, á ti jókòó sórí àpò nítòsí fèrèsé tó kùn. Á ti ká apá aṣọ sókè, á gbé aago ẹnì kan sórí orúnkún, dígí kékeré tó fi ń wo inú aago á wà lójú rẹ̀. Eruku ìyẹ̀fun á máa bà lé e léjìká, kò ní gbọ̀n ọ́n dànù. Kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tó ń fetí sí aago, á gbé ìka kan sókè, bó ṣe máa ń ṣe, màá sì dúró. Mo máa ń gbé búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í jẹ ẹ́. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ tó bá ti lọ, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kúrò lára ògiri.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mi ò sunkún. Gbogbo ènìyàn ní mo lágbára, wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó wọn. Kì í ṣe agbára. Mo kàn ń retí rẹ̀ ni, bí mo ṣe máa ń retí rẹ̀ tó bá lọ ra irin iṣẹ́. Nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí fúyẹ́, ó dé. Nígbà tí ìwé wá ní irin pọ̀ lára mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwé, torí mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á wò mí sàn.

Àlàyé rẹ yé mi. Èmi kì í ṣe òmùgọ̀, mo mọ àpò, mo sì mọ ohun tó wà nínú àpò. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ìbéèrè tèmi ni pé, tí wọ́n bá fún mi ní ẹ̀jẹ̀ mi padà, ṣé yóò máa wá? Ìwọ tí o mọ ẹ̀jẹ̀, dá mi lóhùn. Má sì parọ́ fún mi.

Ọ̀rọ̀-ò-tán ń fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà. Mo gbà fún un kó lè fi mí sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni mi ò tíì gbà.

Ìyá rẹ.

---

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kà á kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀, mo kà á dé ìparí ọ̀nà, awakọ̀ ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé nínú ìrì. Mo sunkún lójú ọ̀nà, kò sì tì mí lójú.

Ẹ ní kí n má parọ́. Mo rò pé kò ní wá mọ́. Ọpọlọ tí kò rí atẹ́gùn tó, àlá ló máa ń lá lójú sísí. Mo fẹ́ kọ ohun mìíràn sí yín, mo kọ ọ́, mo fà á ya.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Mo ń jowú yín. Kò wá bá mi rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi lè wá sìnkú rẹ̀, tí mo bá jáde kúrò nílùú yìí nígbà náà wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé padà. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ní wákàtí tí ẹ ń sin ín. Mi ò ní bàbá mọ́, ẹ̀yin ni mo ní. Tí ẹ bá tẹ̀ lé e lọ, ta ni mo fẹ́ máa kọ̀wé sí? Ṣé Ọ̀rọ̀-ò-tán? Ta ló fẹ́ rí ibi parí lẹ́tà ìyẹn?

Ìwé ìgbélùú mi ti jáde lóṣù yìí. Mo lè lọ, mo sì lè bọ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan, màá wá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìsìnkú ni mo ń bọ̀ wá ṣe. Mi ò bá wọn sin ọ̀kan, mi ò fẹ́ wá sin èkejì. Mo bẹ̀ yín. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn fún dókítà.

Ọmọ yín kan ṣoṣo.

---

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé o ti ń retí. Ọ̀rọ̀-ò-tán sọ fún mi pé òun ń fi ìlà méjìméjì ránṣẹ́ sí ọ kí o lè sùn. Mi ò fẹ́ kọ̀wé títí màá fi rí òótọ́ kan kọ.

Mo lọ. Ọ̀rọ̀-ò-tán di ọwọ́ mi mú bí ẹni mú olè. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, dókítà wò ó. Ó wá ní, "Mama, kí ló dé tí ẹ fi apá nìkan hàn mí lọ́jọ́sí?" Mo ní apá ni wọ́n ní kí n ká. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bá mi wí. Ó gbé ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó ní ká ní òun mọ̀ nípa egbò yìí ni, òun ì bá tí ka ìwé náà bẹ́ẹ̀. Ó wo àmì ìwúlé, ó ga ju ohun tí ó fẹ́ lọ. Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n gé èyí tó ti kú kúrò lára rẹ̀, wọ́n fún mi lóògùn. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́. Nígbà tó jinná tán, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. Àmì ìwúlé ti wálẹ̀, irin náà sì tẹ̀ lé e wálẹ̀ débi pé kò ku nǹkan kan. Dókítà ní bóyá ni nǹkan kan fi wà níbẹ̀ látilẹ̀.

Mo ń gbé oògùn irin mì. Ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú. Mo sọ fún ọ torí pé òṣìṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ọ́, má kà á sétí ẹlòmíì. Omi dídì ò wù mí mọ́. Ẹlẹ́ja ní mo já òun kulẹ̀, pé òun rò pé a jọ ń bọ̀ ni.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ nìkan ni mo ń rí, àti aago. Ó wá ku òórùn òróró tó fi ń tọ́ aago. Mo máa ń yára gbé àga sídìí ààrò lọ́sàn-án, màá dijú, màá mí jẹ́jẹ́, màá máa bẹ ara mi pé kó tún fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí Ọ̀rọ̀-ò-tán ń sọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo gbé àpò ìyẹ̀fun tuntun láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, èmi nìkan, mi ò sì mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo nàró, mo wo ibi tó máa ń jókòó sí, mo rí i pé ibẹ̀ ṣófo, àti pé ó ti ń ṣófo látọjọ́ yìí. Ẹkún gbé mi. Mo sunkún débi pé búrẹ́dì jó nínú ààrò, èéfín gba ojú pópó, àwọn oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀-ò-tán jókòó tì mí lórí ilẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Mi ò mọ̀ pé ẹkún ń fẹ́ agbára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara mi fúyẹ́, mi ò ní ohun tí màá fi sun ún.

Mo kọ́kọ́ bínú sí ọ. Mo ní o gbà á lọ́wọ́ mi. Ìbínú náà ti lọ, mo kọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí ni.

Bàbá rẹ ti kú, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

O ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan, pé wàá wá. Wá. Àwọn èèyàn ti kí mi kú ọ̀fọ̀ tán lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ wọn, lójú tiwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó ni, ọmọ mi, mi ò sì fẹ́ dá a ṣe.

Ìyá rẹ.